Mo Ti Ta Lancer

Ọkọ̀ mi, Mitsubishi Lancer Evolution, ìyẹn Lancer tí wọ́n ṣe fún eré sísá, ti lọ lónìí. Ẹ̀yà kẹsàn-án ni, ti ọdún 2006, gíà ọlọ́wọ́, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ṣágámù ni ẹni tó rà á ń gbé.

Àwọn aláròóbọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Ọ̀kan yí i po, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Lancer náà kọ́ rèé? Kí ló fẹ́ fi wọ́n ju Camry lọ?" Ṣé kí n wá máa sọ fún un pé àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ yìí ni Tommi Mäkinen, awakọ̀ rálì ará Finland, fi gba adé rálì àgbáyé ní ìgbà mẹ́rin léraléra, láti 1996 dé 1999? Mo ní kó máa lọ.

Gbogbo ohun tí mo náwó fi kún un ni wọ́n fi ń já owó rẹ̀ wálẹ̀. Sàlẹ́ńsà ńlá, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣọ́ọ̀kì tó mú un sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n ní báwo ló ṣe máa gun bọ́ǹpù Ìmọ̀wò. (Ká sòótọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà gùn ún.)

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ará Ṣágámù yìí yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì tímìn?" Ojú mi là! Òun ló ń mú kí fáàfù ẹ́ńjìnnì máa ṣí, kó máa pa, lásìkò. 60,000 máìlì ni wọ́n ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ lórí 4G63, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí. Tó bá já, fáàfù á tẹ̀, ó di gbèsè. Mo kó gbogbo rìsíìtì mẹkáníìkì jáde.

Ó tún ní, "Àwọn ti kọ́ńpìnì ńkọ́?" Mo ṣí yàrá ẹ̀yìn. Sàlẹ́ńsà àtilẹ̀wá àti ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Pàǹtí ni ìyàwó mi ń pè wọ́n. Ìgbà tí ará Ṣágámù rí wọn ló tó fowó lé iye tó dá tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo tú kúrò lára ọkọ̀ ló wá lówó lórí ju èyí tí mo fi sí i!

A wà á lọ sí Òdogbolú. Òun ló wà á, kò sì tẹná títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná dáadáa. Nígbà tí a padà dé, kò tètè pa á, ó jẹ́ kí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, tutù díẹ̀. Ìjẹ̀bú ni mí, n kò bu kọ́bọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo fi táyà méjì ṣe èènì fún un.

Ó ku ìwé yíyí orúkọ padà. Ìyàwó mi ti ń kó àpò gàrí sí yàrá ẹ̀yìn.