Ọ̀sẹ̀ Kejìlá: Ọwọ́ Òsì ni Ọ̀rọ̀ Wà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá gọ́ọ̀fù Oníréke n'Íbàdàn dé ni, níbi tí mo ti ń kọ́ bí bọ́ọ̀lù mi kò ṣe ní máa yà sọ́tùn-ún mọ́, mo sì fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kí n tó wẹ̀, kí ohun tí mo rí lónìí má bàa fò mí lórí. Bọ́ọ̀lù 60 ni mo gbá. Nínú 20 tí mo fi driver, igi gígùn tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, gbá kẹ́yìn, 9 lọ tààrà, 4 rọra tẹ̀ sí òsì, 7 péré ni ó yà sọ́tùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rántí pé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, 18 nínú 20 ni ó yà sọ́tùn-ún, tí mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń ṣe mí bíi pé kí n gbé igi náà fún ẹlòmíràn.

Ibi tí bọ́ọ̀lù ń wà, bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, àti gíga tíì, èèkàn kékeré tí a ń gbé bọ́ọ̀lù lé, ti yanjú, n kò sì ní padà sórí wọn mọ́. Òfin gbà wá láàyè láti gbé igi 14 wọ pápá, ṣùgbọ́n méjì péré ni mò ń gbé lọ fún ìdánrawò báyìí, ìyẹn driver àti iron 7, igi olórí irin tó kúrú ju driver lọ, kí n má bàa máa sá lọ sọ́dọ̀ igi tó bá ń bá mi ṣe dáadáa nígbà tí èyí tó le bá ń dà mí láàmú.

Èjìká ọ̀tún ni mo ti ń bá jà láti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Nígbà tí igi bá dé òkè tán, ìbàdí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yí padà síhà ibi tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, kí èjìká àti apá tó tẹ̀ lé e. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Èjìká ni ó máa ń ṣíwájú, á ti igi jáde síta, síhà tó jìnnà sí ara mi, igi á sì gba ìta wọlé kọjá lára bọ́ọ̀lù. Àbúrò tó máa ń bá mi gbé àpò igi ló fún ìṣòro náà ní orúkọ tí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, oko ni ẹ̀ ń ṣán.” Òótọ́ ló sọ. Ní abúlé bàbá mi lọ́nà Mọ́níyà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi àdá ṣánko kí n tó pé ọmọ ọdún 10, ẹni tó bá sì ti ṣán koríko rí mọ̀ pé láti ìta ni apá ti ń fa àdá wọlé, tí á gbà á kọjá níwájú ara, tí èjìká á sì máa ti apá náà lọ. Ohun tí ara mi ti gbà gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ń gbà fi irin lu nǹkan nílẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi sílẹ̀.

Ọparun méjì ni mo fi ń tọ́ ara mi sọ́nà. Ọ̀kan wà nílẹ̀ láti fi hàn mí ibi tí mo dojú kọ, mo ri ìkejì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí igi lè máa bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo tún gbé ike omi òfìfo sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù níhà ìta, ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí i, tó fi jẹ́ pé bí igi bá gba ìta bọ̀, ike náà ni yóò kọ́kọ́ lù. Ike 5 ni ó fọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà nìkan. Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ṣì ń lò.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ níbẹ̀ ni kíkà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú sábà máa ń fi ìlọ́po mẹ́ta àkókò tí igi fi ń sọ̀ kalẹ̀ gbé e lọ sókè, yálà wọ́n yára ní tiwọn tàbí wọ́n fara balẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ohùn wọn ń lọ sókè sódò, wọn kò bá ìrìn ara mi mu. Ìgbà tí mo ń wakọ̀ bọ̀ láti Sángo ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi lẹ́nu: “Má kánjú, gbá!” Ègé mẹ́ta fún gbígbé e lọ sókè, ègé kan fún sísọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn sì wà lórí ohùn òkè bí ìlù tí a ń fi igi kan lù. Láti ọjọ́ náà ni ìbàdí ti ní àyè láti yí kí èjìká tó dé.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tí igi ń gbà ṣe ń tọ́, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lọ sínú igbó sí i. Ohun tó mú kí n má kọ ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bọ́ọ̀lù mi máa ń bẹ̀rẹ̀ síhà òsì, yóò tẹ̀ padà sọ́tùn-ún, yóò sì balẹ̀ sí etí koríko gígùn ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe, láti ọ̀tún ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí á sì tún tẹ̀ sọ́tùn-ún sí i. Mo ti ń rò ó pé bóyá kí n padà sí bí mo ṣe ń ṣánko tẹ́lẹ̀, nítorí ó kéré tán, mò ń rí bọ́ọ̀lù mi he.

Mo jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì fara balẹ̀ rò ó. Ibi tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dorí kọ nígbà tó kúrò lórí tíì, ojú igi, ìyẹn ibi pẹrẹsẹ tó ń lu bọ́ọ̀lù, ló ń pinnu rẹ̀ jù. Ìtẹ̀sí rẹ̀ lójú òfurufú ń wá láti inú ìyàtọ̀ tó wà láàrin ibi tí ojú igi kọ sí àti ọ̀nà tí igi fúnra rẹ̀ ń rìn. Bí ojú igi bá ṣí sọ́tùn-ún ju ọ̀nà ìrìn náà lọ, bọ́ọ̀lù yóò tẹ̀ sọ́tùn-ún dandan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀nà ìrìn igi mi kọ sí òsì gan-an, ojú rẹ̀ sì wà láàrin òsì àti ọ̀gangan. Nígbà tí mo tún ọ̀nà ìrìn náà ṣe, tí mo dá a padà sí ọ̀gangan, ojú igi bá a yí, ó wá kọ sọ́tùn-ún pátápátá. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì kò dín kù rárá. Mo ti tún ìdajì iṣẹ́ ṣe, ìdajì tó kù sì ni ó hàn sí gbangba.

Ojú igi ni mo wá dojú kọ. Ojú igi àti bọ́ọ̀lù kì í fara kanra ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ tún ṣe níbẹ̀. Inú bí a ṣe di igi mú kí a tó gbé e sókè rárá ni ó yẹ kí a ti wá a. Mo gbé fóònù ti àpò igi lẹ́yìn mi, mo yà á ní fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo sì wò ó léraléra. Nígbà tí mo fi iron 7 gbá a, mo rí oríkèé ìka 2 lẹ́yìn ọwọ́ òsì mi bí mo ṣe dúró ti bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo gbé driver, oríkèé 1 péré ni mo rí, àtàǹpàkò sì nà tààrà sórí ọ̀pá. Ọwọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà, èmi kan náà. Mo wá wo ìbọ̀wọ́ mi, mo rí i pé ó ti lu ní ìdí àtẹ́lẹwọ́, èyí tó fi hàn pé inú àtẹ́lẹwọ́ ni igi ń sùn, tí ó sì ń yí níbẹ̀, dípò kí ó wà nínú àwọn ìka.

Kí ló dé tí ọwọ́ ṣe ń yàtọ̀ lórí driver nìkan? Rọ́bà ìdìmú rẹ̀ ni. Tòkunbọ̀ ni mo ra igi náà, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ṣe ń ra tiwọn, ẹni tó sì tà á fún mi ti pààrọ̀ rọ́bà náà kí ó lè dà bíi tuntun lójú. Irú rọ́bà yìí ní ìlà gbọọrọ kan tó yọ láti inú, lábẹ́, kí ìka lè mọ ibi tí yóò sinmi sí nígbà gbogbo láìjẹ́ pé ojú wò ó. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ dáadáa, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Èyí tí wọ́n tẹ̀ bọ tèmi wọ́, kò bá ojú igi dọ́gba. Ní gbogbo ìgbà tí ìka mi bá wá ìlà náà, tí ó sì rí i, ó ń fa ọwọ́ òsì mi sí òsì láìjẹ́ pé mo mọ̀. Rọ́bà iron 7 kò ní ìlà kankan, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ẹ̀sùn tó pọ̀. Òótọ́ ni pé ojú iron 7 tún dagẹ̀rẹ̀ ju ìwọ̀n dígírì 30 lọ, nígbà tí ti driver mi jẹ́ 10.5 péré, bí ojú igi bá sì ṣe dúró gangan tó ni yíyà máa ń hàn tó. Ìdí méjì yìí ni ó wọ mọ́ra wọn tàn mí jẹ, tí mo fi ń rò pé driver kàn le ju iron lọ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ra igi tòkunbọ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé orí igi sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀gangan, kí ẹ wá fi ìka wo abẹ́ rọ́bà bóyá ìlà kan wà níbẹ̀, àti bóyá abẹ́ gan-an ni ó wà.

Mo fi abẹ gé rọ́bà náà dànù, mo ra òmíràn tí kò ní ìlà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni láti wé téèpù olójú méjì mọ́ ọ̀pá, kí a da tápẹ́ntáìnì sí i, kí a ti rọ́bà wọ̀ ọ́ kíákíá kó tó gbẹ, kí a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èmi gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ bàbá fọkanáísà kan ní Mọ́kọ́lá. Téèpù bébà àwọn akunlé ni mo wé mọ́ ọn, mo fi ẹnu rọ́bà sórí ọ̀pá, bàbá sì ki ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ bọ ihò kékeré tó wà nídìí rọ́bà. Afẹ́fẹ́ wú u, ó sì yọ́ wọlé láìsí wàhálà. Bí afẹ́fẹ́ ti dá ni ó di ọ̀pá mú. A rí i pé ó wọ́ díẹ̀, bàbá tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì yí i títí tí ó fi tọ́. Kò sí òórùn, kò sí pé à ń dúró kó gbẹ. Wọ́n béèrè ohun tí igi náà wà fún, nígbà tí mo sì ṣàlàyé, wọ́n ní, “Ẹ dì í mú bí ẹni di ọrùn adìyẹ mú, ẹ má fún un pa.” N kò tíì gbọ́ àpèjúwe ìdìmú tó dára tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ gọ́ọ̀fù kankan.

Lónìí, mo yí ọwọ́ òsì sọ́tùn-ún títí tí mo fi rí oríkèé 2, mo gbé igi sínú ìka, mo sì jẹ́ kí igun tó wà láàrin àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kọ sí èjìká ọ̀tún. Ó ṣàjèjì sí mi lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù 10 àkọ́kọ́ lọ síbi tó wù wọ́n. Ìkọkànlá kúrò lórí tíì, ó gbéra, ó sì ń lọ ní ọ̀gangan títí ó fi balẹ̀, àbúrò mi kò sì sọ nǹkan kan, ó kàn fi bọ́ọ̀lù mìíràn sórí tíì fún mi.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa fi driver sílẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ ìgbá kúkúrú tó wà lẹ́bàá ihò, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí mo ṣe ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tún wo ìwé tí mo fi ń ṣírò, mo rí i pé nínú bọ́ọ̀lù 7 tó yà sọ́tùn-ún, 6 ni ó wà nínú 8 tí mo gbá kẹ́yìn. Ó ti rẹ̀ mí nígbà náà, òógùn ti wọ ìbọ̀wọ́, mo sì ti ń fún ọrùn adìyẹ náà pa. Nítorí náà, mo yí ìlànà padà. Driver ṣì ni ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù 40 péré, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, pẹ̀lú ìsinmi láàrin wọn, mo sì máa ra ìbọ̀wọ́ méjì kí ọ̀kan lè máa gbẹ. Àwọn 4 tó tẹ̀ sí òsì kò bà mí lẹ́rù, n kò sì ní yí ọwọ́ padà nítorí wọn. Mo máa kọ iye wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀, bí wọ́n bá sì ju 8 lọ nínú 40, nígbà náà ni mo máa tún wo oríkèé ìka.