Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe dókítà ọpọlọ, ẹ gba nọ́ńbà fóònù

Àwọn ọmọ mẹ́dísìn máa ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ kó tún máa ṣe rìsáàṣì, ní Òṣogbo ńbí tí ọ̀kadà ò jẹ́ ká sùn. Mi ò rí àsìkò kankan lọ́tọ̀ o. Inú wọ́ọ̀dù yẹn náà ni rìsáàṣì wà, ẹni tó bá ń dúró de láàbù ńlá á pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo àwọn bàbá àgbà. Bàbá á yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò jáde, wọ́n á ní ó ti tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, orí á máa fọ́ ọ, á máa sọ ìsọkúsọ, á máa wọ́ ẹsẹ̀ kan, àwọn ọmọ á ní ọjọ́ ogbó ló dé, àwọn kan á ní ayé ni, wọ́n á ti gbé e kiri ilé alágbo kí wọ́n tó wá bá wa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló rọra ń sun sábẹ́ agbárí tó ń tẹ ọpọlọ. Tá a bá dá agbárí lu, tá a fọ ẹ̀jẹ̀ dúdú yẹn jáde, ẹlòmíì á ti máa bèèrè oúnjẹ lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn máa ń padà. Lọ́dún 2009 àwọn dókítà ní Cambridge gbé èsì jáde: àwọn tí wọ́n fi rọ́bà sí lórí kó máa fa omi ẹ̀jẹ̀ tó kù, nǹkan bíi 9 nínú 100 ni wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àwọn tí wọn ò fi sí, 24. Rọ́bà lásán! Ẹnì kan ló jókòó ka iye wọn.

Torí ojú máa ń tan dókítà jẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fún ẹni tó fi orí ṣèṣe ní steroid, oògùn tó ń dín ara wíwú kù, kó tó di pé rìsáàṣì CRASH, tó lé ní 10,000 èèyàn, fi hàn lọ́dún 2004 pé nínú 100 tí wọ́n fún, nǹkan bíi 21 kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí wọn ò fún, 18. Ta ló máa dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì tó máa rí ìyẹn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962, inú wọ́ọ̀dù náà lòun náà ti rí rìsáàṣì: kókó orí àwùjẹ ọmọdé tí àwọn ìyá ń gbé wá fún wọn lòun àti Dókítà Adelóyè kọ nípa ẹ̀ ní 1971.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ lè mọ bí ara wọn ṣe rí tí wọ́n bá ti lọ sílé, ẹ gba nọ́ńbà, kì í ṣe ti aláìsàn nìkan, ẹ gba ti ọmọ ẹ̀ àti ti aládùúgbò, torí àwọn èèyàn máa ń pààrọ̀ láìnì. Tẹ́ ẹ bá wá pè, ẹ má bi wọ́n pé ṣé ara ti yá o, Yorùbá tí ò lè dìde á ní "a dúpẹ́, Dókítà". Ẹ bi wọ́n pé Ìyá, ta ló bá yín wẹ̀ láàárọ̀ yìí, ta ló ń ṣírò ṣéńjì ní ìsọ̀ yín ní Ọjà-Ọba, Bàbá, ta ló mú yín lọ Jímọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ òótọ́. Ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí rìsáàṣì, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn aláìsàn pé tí wọ́n bá kọ̀, ìtọ́jú wọn ò ní yàtọ̀. Síkáànì tó jẹ́ torí rìsáàṣì lẹ ṣe fẹ́ ẹ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá owó ẹ̀, ẹ má fi kún bíìlì wọn, ẹlòmíì ti ta ilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.