Nọ́ńbà ni mo ping, mi ò ping orúkọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́, ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń bójú tó sáfà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nǹkan sílẹ̀ fún yín, àmọ́ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n jókòó tì í. Wọ́n yí nẹ́tíwọọ̀kì ọ́fíìsì padà, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì gbogbo kọmáǹdì ti ń wọ́ bí ìgbín, làwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi bá ní àwọn fẹ́ yọ sọ́fúwíà tó ni àwọn kọmáǹdì yẹn kúrò káwọn tún un fi sí. Mo ní ẹ dúró. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí, mo mọ ibi tó já sí.

Èkíní, ẹ fi `time` síwájú kọmáǹdì tó ń pẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa kó jáde, real, user àti sys: real ni gbogbo àkókò tó gbà, user àti sys ni àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ṣiṣẹ́ gan-an. Tí real bá jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 10 tí user àti sys pa pọ̀ ò sì tó ìdajì sẹ́kọ́ǹdì, kọ̀ǹpútà yẹn ò ṣiṣẹ́ kankan, ó ń dúró de ẹlòmíì ni. Tẹ́ ẹ bá wá lọ ra RAM kún un, kí ni RAM fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń dúró?

Èkejì, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà yẹn ń yí padà. Iṣẹ́ tó wúwo lè gba 7 lẹ́ẹ̀kan, kó gba 12 lẹ́ẹ̀kejì, kó tún já sí 9. Èyí tó bá ń lé ní 5 díẹ̀ nígbà gbogbo, tàbí 10, tàbí 15, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń ṣe, ẹnì kan ló ń ka sẹ́kọ́ǹdì níbì kan títí sùúrù ẹ̀ fi tán.

Ẹ̀kẹta... ẹ jẹ́ n kúkú sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. A ní túùlù kan tá a kọ fúnra wa, aago méjì òru ni cron, tó máa ń pe iṣẹ́ lákòókò tá a bá dá fún un, máa ń pè é, fáìlì 360 ló máa ń pè é lé lórí níkọ̀ọ̀kan, á ka fáìlì, á kọ ọ́ sí dátábéèsì, á fi log (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe) ránṣẹ́ sí sáfà míì, á parí, wọ́n á tún pè é fún fáìlì tó kàn. Ìdajì sẹ́kọ́ǹdì fún fáìlì kan, ìṣẹ́jú 3 fún gbogbo ẹ̀. Wọ́n yí nẹ́tíwọọ̀kì lópin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ajé tó mọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú 3 ti gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 3.

Mo kọ́kọ́ ping nọ́ńbà sáfà dátábéèsì, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì IP ẹ̀, láti wò ó bóyá ó máa dáhùn, ó dáhùn láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 1, mo ní nẹ́tíwọọ̀kì ò ní wàhálà. Nọ́ńbà ni mo ping o, orúkọ sì ni túùlù wa ń lò. Wẹ́bùsáìtì wa náà ń ṣí dáadáa, dátábéèsì kan náà ló ń bá sọ̀rọ̀, ìyẹn ló wá tàn mí pátápátá. Prógíráàmù wẹ́bù ti ṣí kọnẹ́ṣọ̀n ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dì í mú, kò béèrè ọ̀nà mọ́. Kọmáǹdì orí tẹ́míná ò rí bẹ́ẹ̀, bó bá ti parí ó ti kú nìyẹn, tẹ́ ẹ bá tún pè é kò rántí nǹkan kan, ó di dandan kó tún lọ béèrè lọ́wọ́ DNS, ìyẹn ètò tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, pé ibo lẹni tó ń jẹ́ orúkọ báyìí wà, glibc, tí prógíráàmù orí Linux fi ń béèrè orúkọ, fúnra ẹ̀ ò sì ń tọ́jú ìdáhùn àná pa mọ́ fún un.

Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Mo yọ túùlù kúrò mo tún un fi sí, mo fi òru méjì tún kọ́òdù kọ, kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo dìde nínú mítìn, mo sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ẹni tó ń tọ́jú dátábéèsì ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó fi hàn wá pé kò sí ìbéèrè kankan tó gbà ju mílísẹ́kọ́ǹdì 20 lọ. Ọ̀gá wa wò mí, wọ́n ní, "Ẹ̀rí tìẹ dà?" Mi ò ní. Mo yíjú sí ẹni tó dúró fún nẹ́tíwọọ̀kì, ó ní, "Kò sí nǹkan tá a yí tó kàn ẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo tó lo strace, `strace -f -T`, tó ń fi gbogbo ohun tí prógíráàmù ń béèrè lọ́wọ́ Linux hàn àti iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Mo wò ó pẹ̀lú ojú ara mi: ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan ní port 53, ẹnu ọ̀nà tí DNS ń lò, poll dúró de ìdáhùn fún mílísẹ́kọ́ǹdì 5000, ìyẹn sẹ́kọ́ǹdì 5, Timeout, ó wá bọ́ sọ́dọ̀ nameserver (sáfà DNS) kejì, ìyẹn dáhùn lójú ẹsẹ̀. Orúkọ dátábéèsì, 5. Orúkọ sáfà log, 5. Mo ṣí /etc/resolv.conf, fáìlì tí nọ́ńbà àwọn sáfà DNS máa ń wà, sáfà DNS àtijọ́ tí wọ́n ti pa ló wà níwájú. Láptọ́ọ̀pù gbogbo wa ti gba tuntun láti ọwọ́ DHCP, tó ń pín irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, àmọ́ sáfà yìí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ tiẹ̀ sí i lọ́dún méjì ṣáájú. Ká ní ẹ̀rọ DNS yẹn ṣì wà níbẹ̀ tó kàn kọ ìbéèrè wa ni, glibc ì bá ti bọ́ sórí èkejì kíá. Kò sẹ́ni tó dáhùn rárá, ló fi ń dúró.

Ẹni tó ní kò sí nǹkan tó kàn mí yẹn, ìwé ìkìlọ̀ wà, àwọn olórí ẹ̀ka nìkan ló fi ránṣẹ́ sí. Ìlà méjì ni ì bá kọ sí wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa di ọ̀gá nẹ́tíwọọ̀kì lọ́la, mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa sáfà DNS, ẹ fi tcpdump, túùlù tó ń wo ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọọ̀kì kọjá, tẹ́tí sí port 53 orí ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ mọ ẹni tó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó pa á. Ẹ má ṣe fi iná jó ilé tẹ́ ẹ ò tíì kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì wà lápá tiwa, tí sudo, kọmáǹdì tá a fi ń lo àṣẹ alábòójútó, bá ń pẹ́, ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹ̀rọ yẹn wà nínú /etc/hosts, fáìlì orí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ tá a ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí. Tí `ls -l`, tó ń to fáìlì pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ni wọ́n, bá ń pẹ́, tí `ls -n`, tó ń fi nọ́ńbà wọn hàn dípò orúkọ, ò pẹ́, orúkọ àwọn tó ni fáìlì ló ń wá kiri, kì í ṣe dísíkì ló ń kú lọ.

Mo yọ ìlà sáfà DNS àtijọ́ yẹn kúrò nínú resolv.conf. Lóru ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú 3. Láàárọ̀ mo lọ bá ẹni dátábéèsì nídìí tábìlì ẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Kò bínú, ohun kan péré ló bi mí: "Àwọn sáfà yòókù tó o fọwọ́ kọ ńkọ́?" Mi ò tíì ronú kàn wọ́n. A jọ jókòó, a yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àtijọ́ yẹn ṣì wà lórí méje.