Fìlà ọ̀gákọ̀ tó wà lórí igi

Ẹ yé bi mí níbi tí fìlà mi wà. Fìlà ọ̀gákọ̀ funfun tí mo rà l'Ápápá, tó ní okùn aláwọ̀ wúrà níwájú, orí igi gbígbẹ ló wà láàárín dáàmù Ero ní Ikun Èkìtì. Lékeléke kan bà lé e bíi pé òun gan-an ni wọ́n fi jẹ ọ̀gákọ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì péré kọ́ rádà, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí nǹkan wà hàn wá, l'Ékòó, mo wá wọlé bí ẹni pé èmi ni mo bí òkun. Mo ra rádà kékeré alákùúfọ́ kan, mo fi páìpù gbé e nàró sórí ọkọ̀ tí Bọ̀dá wa fi ń pẹja, mo so ó mọ́ bátìrì mọ́tò. Ọkọ̀ onígi o! Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi agolo mílíìkì gbọ́n omi inú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru bo gbogbo omi, a ò rí èbúté mọ́. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́, torí kùrukùru ò di rádà lójú. Páànù àtíbàbà àwọn ẹlẹ́ja tàn yòò lójú ẹ̀rọ. Mo na òrùka ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀nà débẹ̀: 0.25. Máìlì òkun nìyẹn, mítà 1,852 sì ni ọ̀kan. Mo kéde bíi pásítọ̀ pé mítà 463 ló kù ká jẹ àkàrà. Mo fa ìlà tó ń tọ́ka ọ̀nà débẹ̀: dígírì 40.

Mo gbé kọ́ńpáàsì. "Bọ̀dá, ẹ kọrí sí 40!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín. Láti imú ọkọ̀ ni rádà ti ka 40 tiẹ̀, láti àríwá ni kọ́ńpáàsì ti ń ka tiẹ̀, 110 sì ni imú ọkọ̀ kọjú sí. Ká ro ó pọ̀ kó di 150, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ṣe é. Èmi ò ṣe é.

Gbàgà! Inú àwọn igi tí dáàmù mù ni mo kó wa wọ̀. Ẹ̀ka kan já fìlà gbà lórí mi.

"Ùwọ ọmọ yìí, ulé lò ń mú wa lọ àbí ọ̀run?"

Àwọn igi yẹn kúkú hàn lójú rádà tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ìgbì omi ni, mo bá yí bọ́tìnì tó ń pa ìgbì rẹ́ títí ojú ẹ̀rọ fi mọ́ fefe. Ìgbì, nínú dáàmù!

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri yìí, ẹ bi í léèrè ohun tó ń fi rádà mi ṣe. Ó ti gbé e sẹ́yìnkùlé, ó ń gba 100 náírà lọ́wọ́ ẹni tí ewúrẹ́ ẹ̀ sọnù. Lánàá, ìyàwó kan wá béèrè bóyá ó lè bá òun wo ọkọ òun, tó ní ìpàdé lòun lọ l'Ádó láti ọjọ́ Ẹtì. Bọ̀dá gbowó, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ó ní rádà á rí i dáadáa tó bá ṣáà ti wọ páànù.