Pad Thai nílé: omi ni kí ẹ máa ṣọ́

Pad Thai ni núdù ìrẹsì díndín ti àwọn ará Thailand. Ohun tó ń bà á jẹ́ nílé kì í sábà jẹ́ èròjà tí kò pé. Omi ni. Ó lè jẹ́ pé núdù ti mu omi yó kó tó dé orí iná, ó sì lè jẹ́ pé agbada kún débi pé oúnjẹ ń sè dípò kó máa dín. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí oúnjẹ yìí, orí omi ló dá lé.

Núdù ìrẹsì pẹlẹbẹ la ń lò, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 3 sí 5. Sen lek làwọn ará Thailand ń pè é. Indomie kọ́, sìpàgẹ́tì kọ́. Gíráàmù 125 tó ẹni méjì. Ẹ má sè é o. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí kò gbóná fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ wé e mọ́ ìka: bí kò bá kán, tí ẹ sì gé e jẹ tí àárín rẹ̀ ṣì le, tó ṣì funfun, ó ti tó. Bí ó bá jẹ́ omi gbígbóná lẹ dà sí i, ara rẹ̀ á ti yọ́ kí inú rẹ̀ tó rọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ra di ìṣù kan ṣoṣo lórí iná. Ọbẹ̀ ló yẹ kó mu láti fi jinná, torí ibẹ̀ ni adùn ti ń wọ̀ ọ́ lára. Ẹ dà á sínú asẹ́ kó ro dáadáa, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì. Èyí tó bá gùn jù a máa lọ́ mọ́ra, èròjà ò sì ní ráyè wọ àárín rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ọbẹ̀ náà: àjàgbọn, nam pla àti ṣúgà ọ̀pẹ.

Ẹni tó wà nílẹ̀ Yorùbá kò ní wá àjàgbọn jìnnà. Tsamiya tí àwọn Hausa fi ń ṣe kunu ni, ó wà ní Sábó. Ẹ da omi gbígbóná mílílítà 150 sórí gíráàmù 60, ó di ìṣẹ́jú 20, ẹ fi ọwọ́ pò ó, kí ẹ sẹ́ kóró àti ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. Kó ki bí ẹ̀kọ mímu ni. Bó bá ṣàn jù, ẹ gbé e kaná kí omi rẹ̀ fà díẹ̀. Èyí dúdú kirimú inú ìgò kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ní London yàtọ̀ pátápátá, ó kan gan-an. Ṣíbí tíì 2 nínú omi ṣíbí ìjẹun 3 ti tó nínú ìyẹn.

Nam pla ni omi oníyọ̀ tó ń jáde lára ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ń rùn nínú ìgò, àmọ́ bó bá ti kan iná, òórùn yẹn á lọ. Magí ò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Irú náà ò lè ṣe é: irú dùn, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ òórùn àjàgbọn mọ́.

Fún ẹni méjì, omi àjàgbọn ṣíbí ìjẹun 4, nam pla ṣíbí 2, ṣúgà ọ̀pẹ gíráàmù 40, omi lásán ṣíbí 2. Bí kò bá sí ṣúgà ọ̀pẹ, ẹ lo ṣúgà pupa, kó dín díẹ̀. Ẹ gbé e kaná títí ṣúgà á fi yọ́. Ẹ tọ́ ọ wò: kó kan, kó dùn, kó níyọ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, torí núdù fúnra rẹ̀ kò ní adùn kankan. Ketchup tí àwọn kan ń dà sí i kó lè pupa, èmi ò rí ìwúlò rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni núdù àti tofu ti wọ Thailand, àmọ́ ìjọba Plaek Phibunsongkhram, tó sọ Siam di Thailand lọ́dún 1939, ló polongo oúnjẹ yìí káàkiri. Wàrà sóyà tó le lè rọ́pò tofu. Ẹ gé gíráàmù 80 wẹ́wẹ́. Ẹ wá edé tútù 10, ẹyin 2, àlùbọ́sà kékeré kan, aáyù ojú 3, èéhù ẹ̀wà mung ẹ̀kúnwọ́ 2, àlùbọ́sà eléwé, ẹ̀pà yíyan tí ẹ gún gbúúgbùú, àti chai po, ìyẹn radish oníyọ̀, ṣíbí 2 bí ẹ bá rí i. Edé gbígbẹ ti Thailand, oòrùn ni wọ́n fi ń sá a. Èyí tiwa gbọ́ èéfín, nítorí náà ìdajì ṣíbí ti tó.

Bí agbada ò bá gbóná, àgbàdo kì í ta. Iná gáàsì ilé kò lágbára tó ti àwọn tó ń dín in lẹ́bàá títì ní Bangkok, torí náà ẹ má ṣe ju oúnjẹ ẹni méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni mẹ́rin ń bọ̀? Ẹ dín in lẹ́ẹ̀mejì. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ dára púpọ̀ fún èyí, ohunkóhun tí àwọn olówò agbada irin ìbáà wí.

Ẹ nu edé tútù gbẹ, ẹ dín in nínú òróró gbígbóná ní ìṣẹ́jú kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kó o jáde. Ẹ dín iná kù, kí ẹ da tofu, àlùbọ́sà, aáyù, chai po àti edé gbígbẹ sí i títí yóò fi máa ta sánsán. Aáyù tó bá jó á korò, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ wá yọ iná sókè, ẹ da núdù àti ọbẹ̀ sí i, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́dúró títí núdù á fi fa ọbẹ̀ tán, bí ìṣẹ́jú 3. Bó bá ṣì le, ẹ wọ́n omi ṣíbí 2, kì í ṣe ife kan.

Ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fọ́ ẹyin sí ààyè tó ṣí sílẹ̀, ẹ tú u ká, bó bá dì dé ìdajì, ẹ da núdù bò ó. Ẹ̀yìn náà ni ìdajì èéhù ẹ̀wà, àlùbọ́sà eléwé, ẹ̀pà àti edé tútù máa wọlé, kí ẹ sì pa iná lójú ẹsẹ̀. Èéhù yìí lómi púpọ̀. Bó bá pẹ́ lórí iná, gbogbo rẹ̀ á rin gbìndìn.

Ẹ gbé èéhù tútù tó kù, ọsàn wẹ́wẹ́, ata gígún, ṣúgà àti nam pla sórí tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Thailand nìyẹn, kálukú ló ń tún tirẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Èyí tó bá sùn nínú fíríìjì á le, á máa kán; omi ṣíbí kan àti iná jẹ́jẹ́ ló lè mú un rọ̀ padà.