Ìgbà tí ara ajá bá yá ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà

Ajá méjì ni mo sin sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa nílùú Àkúrẹ́ láàárín oṣù méjì. Ẹ̀kẹta ló sùn sẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta, irun ara rẹ̀ ń dán. Ohun tó ya èyí tó wà láyé sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kú kò ju abẹ́rẹ́ mélòó kan àti káàdì pélébé kan lọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ajá, tàbí tó ti ní i nílé tí kò tíì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran rí.

Olè ló sọ wá di alájá. Wọ́n fo fẹ́ǹsì wọ ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa lọ́nà Ọ̀dà lóṣù kan ṣoṣo, bàbá àwọn ọmọ mi bá ní ká wá ohun tí yóò máa gbó lóru. Lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọmọ ajá sínú kéèjì létí títì la ti rà á. Ọmọ ajá dúdú ni, wọ́n ní ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ikùn rẹ̀ rí róbótó, mo rò pé ó yó ni. Aràn ló kún ibẹ̀. Ẹni tó tà á fi káàdì kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti gún un ní gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Mo ju káàdì sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ kẹfà tó délé ni kò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ń bì, èébì funfun tó ń hó. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń yà. Ẹni tó bá ti gbóòórùn ìgbẹ́ yẹn rí kò ní gbàgbé ẹ̀ láyé. Gbogbo ohun táwọn èèyàn ní kí n ṣe ni mo ṣe. Mo fún un ní epo pupa, mo fún un ní mílíìkì, mo fọ́ Flagyl sómi, mo rọ ọ́ sí i lọ́fun. Ó bì í jáde pátá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe dókítà fún un nínú ilé.

Nígbà tí mo fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ẹran, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Dókítà fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, ó jọ̀wọ́ ẹ̀. Awọ náà dúró lókè bẹ́ẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po, kò padà sílẹ̀. "Omi ti tán lára ẹ̀ ma," ló wí. Ó béèrè káàdì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó wá tẹ́ ẹ síwájú mi. "Mọ́mì, ẹ wò ó. Bírò kan náà, ìkọ̀wé kan náà, ọjọ́ mẹ́ta. Sítíkà dà?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá kọ̀ọ̀kan máa ń ní sítíkà kékeré lára, tó ní orúkọ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Dókítà á ṣí i kúrò lára ìgò, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, á buwọ́ lù ú, á tẹ òǹtẹ̀. Káàdì tí wọ́n kàn fi bírò kọ nǹkan sí lásán, ẹ máa ka ajá tó ni ín sí èyí tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tilẹ̀ lè tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, ọjọ́ orí rẹ̀ kò gbà á.

Parvo ni wọ́n ń pe àrùn náà. Ìfun ló máa ń bó láti inú, ó sì ń ba mùdùnmúdùn eegun jẹ́, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Kò sí oògùn tó ń pa á. Dírípù ni dókítà lè fà fún un, kó fún un ní oògùn tó ń dá èébì dúró àtèyí tí kò ní jẹ́ kí àrùn mìíràn gorí ẹ̀, kó sì máa wò ó bóyá ara á gbé e. Ara tiwa kò gbé e. Owó tí mo san sórí dírípù ọjọ́ méjì yẹn ju owó gbogbo abẹ́rẹ́ tí ọmọ ajá ń gbà lọ́dún kan lọ.

Àwọn ọmọ ò yé sunkún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a tún ra òmíràn. Mo ti pinnu pé tó bá di Sátidé màá gbé e lọ gbabẹ́rẹ́. Kó tó di Sátidé ló ti ń bì. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo gbé e lọ lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà sì bi mí ni pé, "Ibo ló ń sùn?" Mo ní inú kéèjì èyí àkọ́kọ́ ni. Ó mirí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé kòkòrò parvo lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, pàápàá níbi tí òjìji wà, àní kó pé ọdún kan. Mo ti fi ọṣẹ fọ kéèjì náà dáadáa, ṣùgbọ́n ọṣẹ lásán kì í ràn án. Bílíìṣì ló ń pa á. Ẹ kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ po ife bílíìṣì kan mọ́ ọgbọ̀n ife omi, kí ẹ dà á sí i, kó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣan án nù. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wá ńkọ́? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ò ṣeé fọ̀. Ajá tó bá máa wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, kó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán kó tó débẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé àwọn baba wa sin ajá láìsí dókítà. Òótọ́ ni. Àwọn ọdẹ tó ń da ajá nínú igbó Ìdànrè àti Ọ̀wọ̀ mọ ìwà ajá jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ọdún 1978 ni wọ́n tó mọ parvo láàárín ajá ní àgbáyé. Baba baba mi kò bá a pàdé, kò lè fi ewé tí yóò wò ó sílẹ̀ fún mi.

Ẹ̀kẹta, Tanímọ̀la, ọwọ́ ẹni tó ní ìyá rẹ̀ ni mo ti gbà á, tí mo sì rí káàdì ìyá náà pẹ̀lú sítíkà. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ọba-Ilé ló kọ́kọ́ gbé, nítorí iyẹ̀pẹ̀ tiwa. Ọjọ́ kejì tí mo gbà á la ti wà lọ́dọ̀ dókítà, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Wọ́n wọn ìgbóná ara rẹ̀ nídìí. Dókítà ká ètè rẹ̀ sókè, ó ní kí n wo ẹran ìdí eyín. Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó lómi lára. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ funfun, ó gbọ́wọ́ kúrò, ó padà pupa lójú ẹsẹ̀. "Àwọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ máa fojú wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀," ló wí. "Tó bá funfun bíi bébà, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá."

Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gún ọmọ ajá léraléra, àbí owó ni wọ́n ń wá. Inú kò bí i, ó ṣàlàyé. Ìyá ajá máa ń fi ààbò sínú wàrà tí ọmọ kọ́kọ́ mu. Ààbò yẹn ń dá àrùn dúró, ṣùgbọ́n ó ń dá abẹ́rẹ́ pàápàá dúró, torí kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tán lára ọmọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa tán lára ọmọ ajá kan pàtó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, tí wọ́n ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá gún ẹyọ kan tó jókòó sílé, ó lè jẹ́ pé ìyẹn gan-an ni wàrà pa. Kó tó parí, ẹ má jẹ́ kó máa rìn káàkiri títì. Ti dìgbòlugi yàtọ̀: tó bá pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń gún un, wọ́n á sì máa tún un gún lọ́dọọdún.

Ẹ bá mi fiyè sí fíríìjì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tí kò kéré sí ìwọ̀n 2 tí kò sì ju 8 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, látibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé ara ajá. Wọ́n ń ṣe ti dìgbòlugi ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau. Ẹ wo bó ti jìn tó sí Àkúrẹ́. Iná tá a sì ní, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Dókítà wa ṣí fíríìjì rẹ̀ hàn mí, tẹmómítà wà nínú ẹ̀, ẹ̀rọ ìnfátà wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá mú abẹ́rẹ́ ajá jáde látinú àpò ṣòkòtò wá sílé yín nínú oòrùn ọ̀sán, omi lásán ló fẹ́ gún, bó tiẹ̀ fún yín ní sítíkà.

Aràn kò gba àlàyé púpọ̀. Látinú ìyá ni ọmọ ajá ti ń gbé e wáyé, torí náà ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń fún un lóògùn títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí dé oṣù mẹ́fà, kó tó di oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Irú aràn kan wà nínú ìgbẹ́ ajá tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà wọlé. Tiyín náà ni ẹ ń tọ́jú.

Eégbọn ló máa ń ká mi lára jù, nítorí ohun tójú mi rí ládùúgbò. Ẹnìkan da òtapiapia sí ajá lára kí eégbọn lè kú. Eégbọn kú, ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́, ó ń gbọ̀n, ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò mọ̀ pé ajá á lá ara rẹ̀, àti pé awọ pàápàá ń mu ún. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kẹrosíìnì ń bó awọ. Ẹ ra oògùn eégbọn tó jẹ́ ti ajá, kí dókítà sì wọn ajá kó tó sọ iye tó máa lò. Èyí tó jẹ́ ti ajá pàápàá, ẹ má fi sí ológbò lára láì béèrè. Inú ibi tí ògiri ti sán ni eégbọn ń yé sí, ẹyọ kan a máa yé ju ẹgbẹ̀rún lọ, torí náà ilé ajá gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú ajá. Tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi kọfí, ó ṣeé ṣe kí eégbọn ti kó ibà ajá ràn án, ẹ má fi àsìkò ṣòfò, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ohun kan tí mo tún fẹ́ fi kún un: ẹ má fi ìyókù oúnjẹ ajá sílẹ̀ mọ́jú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà, èkúté ló sì ń gbé e kiri. Abọ́ ajá tó wà níta lóru, ìpè ni fún èkúté.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ojúlé kejì wá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ nídìí abọ́ oúnjẹ Tanímọ̀la. Ajá náà bù ú jẹ lọ́wọ́. Ìyá ìbejì figbe ta, ọgbà kún. Ẹnìkan ní ká gé irun ajá náà, ká sun ún, ká fi sójú egbò. Òmíràn ti mú igi, ó ní ká pa á kíá. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo gbé e sábẹ́ ẹnu tánkì, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ó ń ké, èmi náà ń sunkún. Ohun tí dókítà kọ́ mi nìyẹn. Inú itọ́ ni dìgbòlugi wà, ó ń gba iṣan ìmọ̀lára lọ sínú ọpọlọ, tó bá sì ti débẹ̀ tí àmì rẹ̀ yọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ajá.

Mo mú káàdì látinú dúrọ́ọ̀, a forí lé ọsibítù. Sítíkà dìgbòlugi wà lára ẹ̀, oṣù mẹ́rin péré ló tíì lò. Dókítà kà á, ojú rẹ̀ rọ̀. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún ọmọ lọ́jọ́ náà, ó ní a ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mí ọmọ dán nǹkan wò, ó sì ní ká má pa ajá o, ká so ó mọ́lẹ̀, ká máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ajá tí dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ rẹ̀ kò ní lo ọjọ́ mẹ́wàá láìṣàìsàn. Bí wọ́n bá ti pa á, kò sí ohun tá a máa wò mọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn gùn. Ìyá ìbejì ń wá láràárọ̀, kì í wọlé, á dúró lẹ́nu géètì, á béèrè pé, "Ó jẹun?" Màá ní ó jẹun, ma. Lọ́jọ́ kẹwàá, dókítà ajá yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ ìwé, ti ọsibítù sì ní abẹ́rẹ́ tí ọmọ ti gbà tó. Ìyá ìbejì wọlé lọ́jọ́ náà. Ó gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó ń fi ìka tọ sítíkà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní òun ní ológbò kan nílé tí kò gba nǹkan kan rí, aago mélòó ni wọ́n ń ṣí?