Ẹ má kọ “alẹ́” sára páálí midodrine

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ wọ́ọ̀dù, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Bàbá kan wá láti apá Tàkíé. Bí wọ́n bá ti dìde lórí ẹní ìkírun, òòyì á kọ́ wọn, ojú wọn á ṣú. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. A yẹ BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wọn wò ní ìdùbúlẹ̀, ó jẹ́ 128/76. A ní kí wọ́n dìde dúró, kò pé ìṣẹ́jú 3 tó fi já sí 92/60. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára wọn ló fà á, ó sì kọ midodrine, oògùn tó ń gbé BP sókè, fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́.

Èmi ni mo gbé oògùn lé ìyàwó wọn lọ́wọ́. Mo sọ ohun tó ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu: “Màmá, àárọ̀ ọ̀kan, ọ̀sán ọ̀kan, alẹ́ ọ̀kan.” Mo tún kọ ọ́ sára páálí.

Lóru ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé bàbá dé. Orí ń fọ́ wọn gan-an, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ lílù ọkàn àwọn nínú etí. BP wọn jẹ́ 204/112. Wọ́n jẹun alẹ́, wọ́n lo hóró kan, wọ́n na gbalaja. Màmá ò ṣẹ̀, ohun tí mo wí ni wọ́n ṣe. A gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, a mú bàbá jókòó. Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí BP náà fi wálẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni oògùn yìí ń fún pọ̀. Bí èèyàn bá wà lórí ìdúró, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rọ́ sẹ́sẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, BP á fò sókè. Nítorí náà, ó kéré tán, kí wákàtí 4 wà láàárín hóró ìkẹyìn àti oorun: ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá jí, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nírọ̀lẹ́ kí aago 6 tó lù. Fún àwọn àgbà tó ń kírun, mo máa ń sọ pé Àsùbáà, Àìlá, Àlàásárì.

Ẹ bi wọ́n léèrè oorun ọ̀sán pẹ̀lú. Ta ló jẹ àmàlà tán nílùú yìí tí kì í fẹ̀yìn lélẹ̀? Bí wọ́n bá ti lo oògùn ọ̀sán, orí àga ni kí wọ́n ti sinmi, kí ẹ̀yìn wọn gbára lé tìmùtìmù. Bó bá jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n máa dùbúlẹ̀ sí lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fo oògùn ọ̀sán náà.

Ẹ béèrè bóyá ìtọ̀ ń há wọn, àti bóyá wọ́n ń ra oògùn ọ̀fìnkìn lò, torí òmíràn nínú wọn ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ bákan náà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, 2.5 mg ni dókítà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé awọ orí lè máa yún wọn, kí irun ara sì dìde gan-an, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa rò pé aráyé ló dé.

Lọ́jọ́ tí bàbá ń padà sílé, mo ní kí màmá tún un sọ fún mi. Wọ́n ní: “Bí wọ́n bá ti kí Àlàásárì, oògùn tán títí di àárọ̀.” Mo gba páálí náà lọ́wọ́ wọn, mo sì fi bírò pa “alẹ́” rẹ́.